Òṣùwọ̀n Méjì Lọ́wọ́ Ẹnìkan: Ohun tí Àwọn Olùwádìí Bá Nídìí Ìjà Ẹnu

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin olùkọ́ mi tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí títí dé ẹnu ọ̀nà, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá pe ènìyàn pé kó wá sọ̀rọ̀ nípa ìjà, tó tún fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún ti gbẹ́kẹ̀ lé e jọjọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìka bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003, Sukhwinder Shergill àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdánwò kan jáde tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè rò pé eré ni. Wọ́n mú ènìyàn méjì-méjì jókòó. Ẹnì kìíní á na ìka sílẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́, wọn á sì ní kó fi agbára kan náà gan-an tẹ ìka ẹnì kejì, kó má fi kún un, kó má sì yọ níbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún ẹnì kejì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tí wọ́n sọ fún èkejì rẹ̀. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá tẹ èkejì padà, agbára náà ń fi nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí òun gbà lọ. Kò pẹ́ tí ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìfọwọ́kàn fi di ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ta ló fi kún un nínú àwọn méjèèjì? Àwọn méjèèjì ni. Ta ló mọ̀ pé òun fi kún un? Kò sí.

Kí ló fà á? Ọpọlọ wa ti mọ ohun tí ọwọ́ wa fẹ́ ṣe kí ọwọ́ náà tó ṣe é, nítorí náà ó máa ń dín bí a ṣe ń mọ agbára tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde lára kù. Ìdí kan náà ni kò fi sí ẹni tó lè fi ìka ara rẹ̀ gún ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ títí yóò fi bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ bí ẹlòmíràn bá kàn fọwọ́ bà á níbẹ̀ lásán, ẹ̀rín dé. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde máa ń fúyẹ́ lára wa. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, gbogbo ìwúwo rẹ̀ la máa ń gbà.

Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ sọ pé bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ìka yìí náà la ń ṣe pẹ̀lú ẹnu. Òṣùwọ̀n méjì ló wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wa jáde, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó wọ etí wa, àwọn òṣùwọ̀n méjèèjì kò sì dọ́gba. Èmi ni mo ń fi ìka wé ẹnu o, Shergill kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bóyá àfiwé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Iyàn yàtọ̀ sí ìjà

Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ni àwọn olùwádìí ń wò, wọn kì í wo ẹnu. Ní ọdún 1939, John Dollard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale sọ pé ìjákulẹ̀ ló ń bí ìkọlù: dí ènìyàn lọ́nà ohun tó ń lépa, yóò wá ẹni tí yóò kanra mọ́. Konrad Lorenz ní tirẹ̀ sọ ní ọdún 1963 pé àdámọ́ ni, pé bó ṣe wà lára ẹja àti ẹyẹ náà ló ṣe wà lára ènìyàn. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí ìlú Seville ní Spéènì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì tó sọ pé ogun jíjà jẹ́ àdámọ́ wa. Mi ò ní bá wọn dá sí ẹjọ́ yẹn lónìí. Èyí tó kàn mí ni iṣẹ́ Albert Bandura ní Stanford ní ọdún 1961. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wo àgbàlagbà kan tó ń lu bèbí onírọ́bà ńlá kan; nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí ọ̀hún, àwọn náà lù ú. Gbogbo wa la rántí ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé àwọn ọmọ náà tún sọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ nígbà tó ń lu bèbí. Ìlù nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́, wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ìlù rìn pẹ̀lú.

Ní ọdún 1955, J. L. Austin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń sọ nínú ọ̀wọ́ àsọyé kan ní Harvard pé ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá jẹ́ ìṣe. Pé ẹni tó bá ní "mo ṣèlérí" tàbí "mo kìlọ̀ fún ọ" kò ròyìn nǹkan kan, ó ti ṣe nǹkan ni. Bí ìlérí bá jẹ́ ìṣe, èébú ńkọ́? Ìhàlẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà yẹn lọ, ó ṣòro fún ẹni tó mọ iṣẹ́ láti sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Àmọ́ kí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí tó dá dúró fúnra rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ fún ìkọlù àti aáwọ̀ inú èdè nìkan.

Nínú gbogbo ohun tó wà láàárín, ìpínyà kan wà tí mo kà sí pàtàkì jù. Dominic Infante àti Charles Wigley ṣe ìwé ìbéèrè kan ní ọdún 1986, gbólóhùn 20 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ń wọn bí ẹnu ènìyàn ṣe le tó sí ọmọnìkejì. Kó tó dìgbà náà, Infante àti akẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ tó ń wọn bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn iyàn tó. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi méjèèjì sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jiyàn ń kọlu èrò tí ẹnì kejì gbé kalẹ̀. Ẹni tó ń bú ni ń kọlu ẹni tó gbé èrò kalẹ̀. "Ìṣirò yìí kò tọ̀nà, ẹ wo ìlà kẹta," iyàn nìyẹn. "Ìwọ àti ìṣirò, ìgbà wo lẹ ti mọra yín?" ìyẹn kì í ṣe iyàn mọ́. Ìṣirò kan náà ni wọ́n ń wò, àṣìṣe kan náà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì kò tún ní í ṣe pẹ̀lú ìlà kẹta.

Infante àti àwọn tó tẹ̀ lé e tún fi ohun kan kún un tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwíjàre tó tán lẹ́nu ènìyàn ló ń sọ iyàn di èébú. Ẹni tó mọ iyàn jà kì í tètè dé ibi èébú, nítorí ó ṣì ní nǹkan láti sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì fẹ́ pa ẹnu dé, ara ẹnì kejì ló kù tó lè kọjú sí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé kí iyàn má sí rárá ni àlàáfíà, ẹ tún un rò. Ó kàn jẹ́ pé èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbi yìí: àwa kì í ṣe iyàn, jíjà là ń jà á.

Ojú tí à ń dì mú

Kí ló dé tí gbólóhùn kejì yẹn fi dunni ju ti àkọ́kọ́ lọ? Erving Goffman ló fún àwọn olùwádìí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1955 ó kọ̀wé nípa ohun tí ó pè ní ojú: iyì tí olúkúlùkù ń gbé kalẹ̀ fún ara rẹ̀ níwájú àwọn ẹlòmíràn, tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì jọ ń gbé ró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀yin kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ rí pé "ojú tì mí" tàbí "ó dójú tì mí" ti kọ́ Goffman láti ilé.

Penelope Brown àti Stephen Levinson mú un síwájú ní ọdún 1978. Wọ́n ní apá méjì ni ojú yìí ní: a fẹ́ kí wọ́n kà wá kún, a sì fẹ́ kí wọ́n má dí wa lọ́wọ́. Kò sí ohun tí a lè sọ fún ẹlòmíràn tí kò ní kan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí mo bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín, mo ti dí yín lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo bá tún ọ̀rọ̀ yín ṣe, mo ti yọ díẹ̀ kúrò nínú iyì yín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èdè fi ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi òwú wé ọ̀rọ̀ kó má baà gúnni. Faransé ní *tu* àti *vous*, Jámánì ní *du* àti *Sie*, Yorùbá ní *ìwọ* àti *ẹ̀yin*. Ọdún 1960 ni Roger Brown àti Albert Gilman ti fi hàn pé agbára àti ìbárẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n. Ẹni tó bá fò láti *vous* sí *tu* láàárín gbólóhùn kan kò tíì bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti gbọ́ pé nǹkan fọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ wo yàrá ìwádìí kan pẹ̀lú mi. Ní Yunifásítì Washington, John Gottman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń mú tọkọtaya jókòó, wọn á ní kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lórí ohun kan tó ń fa ìjà láàárín wọn, ẹ̀rọ á sì máa ya àwòrán wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí á jókòó ti àwòrán náà, tí wọn á máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àti lẹ́nu wọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n sọ pé ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 lórí 124 tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ló máa ń lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sì rí, ìbínú kọ́ ló burú jù. Ìpẹ̀gàn ni. Ẹni tó yínmú, tó yí ojú sókè, tó ń fara wé ohùn ẹnì kejì láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, lè má gbé ohùn sókè rárá. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ṣe àríwísí ìṣirò Gottman, wọ́n ní ó rọrùn láti sọ ẹni tí yóò kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí a ti mọ ẹni tó kọ ara wọn sílẹ̀ tán, mo sì gbà pé òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyínmú yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó jiyàn rẹ̀ títí tó fi borí.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìwúwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí èébú bá jẹ́ òkò, ṣé a wá lè to àwọn òkò náà sílẹ̀, kí a kọ ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tó ń yọ ọ̀rọ̀ burúkú kúrò tiẹ̀ fi ọdún púpọ̀ gbìyànjú rẹ̀. Kò ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

William Labov bá àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Harlem ní ìlú New York gbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1972. Àwọn ọmọkùnrin náà máa ń dúró kọjú sí ara wọn, tí wọ́n á máa bú ìyá ara wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó lé ténté, tí àwọn tó dúró yí wọn ká á sì máa rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á máa dájọ́ ẹni tí tirẹ̀ dùn jù. Kò sí ẹni tó ń bínú. Kí ló dé? Nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni. Bí wọ́n bá sọ pé ìyá ẹnìkan tóbi tó báyìí, tó ga tó báyìí, èsì rẹ̀ ni èébú mìíràn tó tún dùn jù ú lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣèèṣì sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa ilé ẹlòmíràn, eré parí. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí kò ní fi èébú fèsì mọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò ní "irọ́ ni!", ọ̀rọ̀ á sì di ìjà. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ kò dun ẹnikẹ́ni, èyí tó rọra jù ló dá ìjà sílẹ̀. Jonathan Culpeper, tó ti ń kọ̀wé lórí ìwà àìlọ́wọ̀ nínú èdè láti ọdún 1996, fẹnu kò sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ èébú fúnra rẹ̀ níbi gbogbo àti nígbà gbogbo.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ní ìwúwo tirẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ọ ló ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan òṣùwọ̀n nìyẹn.

Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?

Kenneth Dodge ṣe ìdánwò kan fún àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1980. Àwọn kan nínú wọn, olùkọ́ àti ọmọ kíláàsì wọn ti sọ pé oníjà ni wọ́n. Àwọn yòókù kì í jà. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ pé kó tò ó pọ̀ kó lè gba ẹ̀bùn. Nígbà tó tò ó dé àárín, wọ́n gbé àwòrán náà lọ sí yàrá kejì, wọ́n ní ọmọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀ tó fẹ́ wò ó. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni ọmọ náà ń gbọ́. Fún àwọn kan, ohùn náà sọ gbangba pé òun fẹ́ bà á jẹ́, a sì gbọ́ tí gbogbo rẹ̀ tú ká. Fún àwọn mìíràn, ohùn náà ń gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́, ó ṣèèṣì tú u ká ni. Fún àwọn ìyókù, àwòrán tú ká, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni àbí kò mọ̀ọ́mọ̀.

Níbi tí ìkà ti hàn, àtoníjà àti ẹni jẹ́jẹ́ ló bínú. Níbi tó ti hàn pé àṣìṣe ni, àwọn méjèèjì ló fàyè gbà á. Àárín ni ìyàtọ̀ wà. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rí, ọmọ jẹ́jẹ́ gbà pé àṣìṣe ni. Ọmọ oníjà gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí òun ni, ó sì gbẹ̀san lórí ohun tí kò mọ̀. Ní ọdún 2015, Dodge àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ irú iṣẹ́ kan náà jáde láti orílẹ̀-èdè 9, Kẹ́ńyà àti Ṣáínà wà lára wọn, lórí àwọn ọmọ tó ju 1,000 lọ. Ohun kan náà ni wọ́n rí níbi gbogbo: ọmọ tó bá ti gbà pé ìkà ni wọ́n ṣe sí òun, ìjà ló fẹ́ fi fèsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwọn ọmọ oníjà wọ̀nyí ń purọ́. Lójú ara wọn, ìdáàbòbò ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní ronú kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Roy Baumeister àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní kí àwọn ènìyàn kọ ìtàn méjì sílẹ̀: ọ̀kan nípa ìgbà tí ẹnìkan múnú bí wọn, ọ̀kan nípa ìgbà tí àwọn fúnra wọn múnú bí ẹlòmíràn. Ọdún 1990 ni iṣẹ́ náà jáde. Ọwọ́ kan náà ló kọ ìtàn méjèèjì, nítorí náà a ò lè sọ pé ènìyàn burúkú ló kọ ọ̀kan, tí ènìyàn rere kọ èkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọ ti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀, ìdí máa ń wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ bínú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ń kọ ti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ wọ́n, kò sí ìdí kankan tó yéni, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ṣì ń dùn wọ́n títí dòní. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣókí jù báyìí lọ: ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ má bínú pé mo pa á níwájú yín, ẹ̀yin àgbà. Kò sí òwe mìíràn tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Baumeister rí yìí ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó ní a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kì í ṣe pé ẹnìkan á purọ́. Ẹnìkan lè sọ òótọ́ inú rẹ̀ pátápátá, kó sì jẹ́ pé òṣùwọ̀n ńlá ló fi wọn ti ẹlòmíràn.

Paul Watzlawick àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀ràn tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ ní ọdún 1967 tí mi ò lè gbàgbé. Ọkọ ní òun ń dákẹ́ nítorí pé ìyàwó òun ń yọ òun lẹ́nu. Ìyàwó ní òun ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí pé ó ń dákẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ròyìn, wọn kò jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀; ibi tí wọ́n fi àmì ìdánudúró sí ló yàtọ̀. Nínú yípo kan, ẹni tó bá wá ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i níbikíbi tó bá wù ú, ibi tó sì máa ń wu ènìyàn ni ẹsẹ̀ ẹnì kejì.

Ìbínú tí wọ́n ní kí a tú jáde

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ohun kan tó ń bí mi nínú díẹ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìbínú. Àwọn ènìyàn máa ń gba ara wọn níyànjú pé "tú u jáde, kó má baà pa ọ́ sínú". Brad Bushman dán an wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ó jẹ́ kí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, títí inú fi bí wọn. Ó ní kí àwọn kan lu àpò tí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ fi ń ṣe ìdánrawò, kí wọ́n máa ro ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lù ú. Ó ní kí àwọn kan lù ú, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ro ìlera ara wọn. Àwọn kan kàn jókòó jẹ́jẹ́ ní tiwọn. Àwọn tó lu àpò tí wọ́n sì ń ro ẹni náà ni inú wọn bí jù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà ló sì fìyà jẹ ẹni náà jù nígbà tí ààyè yọ. Àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ sàn jù wọ́n lọ. Àsọtúnsọ ìbínú kì í tú u jáde, títún un dá ni.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi iṣẹ́ tí mo ti ṣe fún oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ yìí. Èsì tí ó fi ránṣẹ́ padà ni: "Mo ti rí i." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, àmì ìdánudúró, ó tán. Mo wo àmì ìdánudúró yẹn títí. Kò kí mi, kò ní ó dára, kò ní kò dára. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orí mi, ohùn náà sì tutù bí omi àmù. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, mo pa á rẹ́. Níkẹyìn mo fi èyí ránṣẹ́: "Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ráyè rí i." Mo rò pé mo ti ṣe jẹ́jẹ́. Mo rò pé iye tí ó fún mi ni mo dá padà.

Ó ju oṣù mẹ́rin lọ kí a tó jọ jókòó. Ó sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú aláìsàn ni òun wà nígbà tí iṣẹ́ mi dé, pé òun kò fẹ́ kí n máa retí ni òun ṣe yára fèsì. Ó wá fi kún un, ó rọra sọ ọ́, pé gbólóhùn tèmi gún òun dé egungun, pé òun kà á tó ìgbà mẹ́wàá.

Èmi tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí o.

Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ti tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa méjèèjì. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi gbólóhùn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, òmíràn jẹ́ òótọ́ inú, òmíràn jẹ́ àwàdà tó ń gúnni lábẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ dá ara wọn lójú pé ẹni tó gbà á yóò mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó ta owó ẹyọ sókè láti mọ̀ ọ́n. Ìdí ni pé ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, ó sì rò pé ohùn náà bá ìwé lọ. Ohùn kì í bá ìwé lọ. Ẹni tó gbà á ló ń fi ohùn tirẹ̀ sí i, ohùn tó bá sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò fi sí i. Bí a bá wá fi ohun tí John Suler kọ ní ọdún 2004 kún un, pé ìjánu ẹnu máa ń tú lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé a ò rí ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ó yẹ kó yéni ìdí tí ìjà fi ń yára ràn níbẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣiyèméjì lé lórí

Kò ní dára kí n fi yín sílẹ̀ bí ẹni pé gbogbo èyí ti dúró gbọn-in. Lílu bèbí onírọ́bà kì í ṣe lílu ènìyàn. Wọ́n ṣe bèbí yẹn kí wọ́n lè lù ú ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí mo kà fún yín, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ni wọ́n lò, Joseph Henrich àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ ní ọdún 2010 pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ọmọ aráyé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń gbé iṣẹ́ ọdún 2015 ti Dodge lárugẹ. Mo sì tún fẹ́ kí ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo aáwọ̀ ni èdè àìyedè. Nígbà mìíràn, ẹnìkan ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ ní tòótọ́, ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ sì pariwo. Ẹni tó bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ ló tóbi jù, òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kí n tó jókòó, apá kan kù nínú ìdánwò ìka tí mi ò tíì sọ. Shergill àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yí nǹkan kan padà. Dípò kí ènìyàn fi ìka rẹ̀ tẹ̀ tààrà, wọ́n fún un ní ọ̀pá kékeré kan tó ń darí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ náà máa bá a tẹ̀. Àṣejù náà dín kù gidigidi. Ohun tí wọ́n dá padà wá sún mọ́ ohun tí wọ́n gbà. Ọpọlọ kò rí i bí ìka ara rẹ̀ mọ́, nítorí náà kò tún yọ nínú ìwúwo rẹ̀ mọ́.

Mo ti ń wá ọ̀pá yẹn fún ọ̀rọ̀ ẹnu láti ìgbà tí mo ti ka ìwé náà. Èyí tó sún mọ́ ọn jù tí mo rí wà nínú iṣẹ́ Kruger àti Epley. Wọ́n ní kí àwọn kan ka gbólóhùn wọn sókè pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn: kí wọ́n ka àwàdà bí òótọ́, kí wọ́n ka òótọ́ bí àwàdà. Ìdánilójú tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yẹn dín kù lára wọn. Nígbà tí mo délé lẹ́yìn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yẹn sọ̀rọ̀ tán, mo wá gbólóhùn mi jáde, mo sì kà á sókè pẹ̀lú ohùn ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá aláìsàn. "Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ráyè rí i." Mi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ ṣeun. Mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta tó nà sókè, ẹni tó sì wà lápá òsì yẹn ti na tirẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Gottman. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.